Ọjọ́ Ọjà Kì Í Dúró De Ẹnì Kan: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Bá Wọn Dán Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́ Wò Kó Tó Jáde

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ kọ̀ǹpútà.

Gbogbo ẹni tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ bíi tèmi ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tó ń ṣe fún Windows 10 dúró fún gbogbo gbòò. Windows 11 ní tiẹ̀ kì í gbà láti wọ inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ṣì le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi ń lo Ubuntu, Mint, Debian àti irú wọn, tí èèyàn kì í sanwó fún. Open source ni wọ́n ń pe irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àròyé tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń lò ó ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà tuntun tí wọ́n gbé jáde yìí kò jẹ́ kí Wi-Fi mi ṣiṣẹ́ mọ́." "Ẹ̀gbọ́n, àmì ohùn ń fò kúrò lórí lẹ́tà tí mo bá kọ Yorùbá." Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àròyé náà máa ń pẹ́ kó tó dé. Ìgbà kan wà, kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, tí àwọn tó ń ṣe é máa ń ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n wá dán an wò. Ìgbà yẹn ní oṣù, ó ní ọjọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìgbà yẹn gan-an ni a kì í sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn bàbá wa ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, wọ́n ní ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó wà lóko kò nílò ìwé ìpè, ó mọ̀ pé ọ̀túnla lọjà. Bí iṣu rẹ̀ bá ti ta dáadáa, yóò gbé e wá. Bí kò bá tíì ta, yóò fi í sílẹ̀ nínú ebè, torí ọjà mìíràn ń bọ̀ níwájú. Kò sí ẹni tó máa torí tiẹ̀ sún ọjọ́ ọjà síwájú. Òun náà kò sì ní torí pé ọjọ́ ọjà ti pé kó wá máa wa iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tóbi bí ìka ọwọ́.

Bí Ubuntu ṣe ń jáde nìyẹn. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè àwọn ará ìhà gúúsù Áfíríkà sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, wọ́n pè é ní 4.10. 4 dúró fún ọdún 2004, 10 dúró fún oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni ọjà wọn lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ 24.04 rí, àbí? Oṣù kẹrin ọdún 2024 ló jáde. Ní ọdún méjì-méjì, èyí tó bá jáde ní oṣù kẹrin ni wọ́n ń pè ní LTS, ọdún márùn-ún gbáko sì ni wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ni mo máa ń sọ fún olówò àti ilé ìwé pé kí wọ́n lò.

Kí ọjọ́ ọjà tó pé, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Freeze ni wọ́n ń pe ìyẹn. Tí ilẹ̀kùn bá ti tì, ohun tuntun kò tún gbọdọ̀ wọlé mọ́, àfi àtúnṣe àlébù nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé beta jáde, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi ń tọ́ aráyé lẹ́nu wò, bí ìgbà tí ìyá olóúnjẹ bá bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ẹni tó bá sọ pé iyọ̀ kù lásìkò yẹn, ó ran gbogbo ilé lọ́wọ́. Ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi bu oúnjẹ fún igba èèyàn kó tó sọ pé iyọ̀ kù, ẹjọ́ ló ń rò.

Linux fúnra rẹ̀, èyí tó wà nínú ikùn Ubuntu àti nínú ikùn fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, òun náà ló ṣì ń darí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń gba ohun tuntun wọlé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá ti pé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní rc1. Láti ibẹ̀, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀dà ìdánwò mìíràn máa ń jáde, rc2, rc3, títí dé rc7, nígbà mìíràn rc8, kí ojúlówó tó wá jáde. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn: ọ̀sẹ̀ méjì fún gbígba ọjà, ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ fún yíyẹ ọjà wò. Èwo nínú wa ló ń fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ yẹ ọjà wò kó tó tẹ́ ẹ sórí àtẹ?

Kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ́kọ́ gbà pé kí ọjọ́ máa ṣáájú o. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, tí Ubuntu sì ń mú ọ̀pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ lò, sọ pé ìgbà tó bá ṣe tán ni àwọn á gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni lójú. Àmọ́ ẹ wo ohun tó dá sílẹ̀. Ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù keje ọdún 2002. Ẹ̀dà 3.1 tó tẹ̀lé e kò jáde títí di oṣù kẹfà ọdún 2005. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rọ tuntun ń jáde, ẹ̀dà tó dúró ṣinṣin kò mọ ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń kọ́lé tí kò dá ọjọ́ ìṣílé, gbogbo ìgbà ni yóò máa rí ògiri kan tó yẹ kó tún kùn.

Nígbà tó yá, àwọn Debian náà wá ọ̀nà àárín, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n ní: unstable, testing, stable. Ohun tuntun kọ́kọ́ ń wọ unstable. Bó bá lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ tí kò ní àlébù ńlá, ó kọjá sí testing. Bí àsìkò ìgbéjáde bá ń sún mọ́, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn testing díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa tún àlébù ṣe, títí tí yóò fi yẹ láti di stable. Ìgbà tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn ni wọ́n ń dá ṣáájú. Ọjọ́ ìjáde gan-an dọwọ́ bí ìdánwò bá ṣe lọ sí. Ní báyìí, nǹkan bí ọdún méjì-méjì ló ń bọ́ sí: Debian 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ọjà kan kì í dá ná. Ubuntu kọ́ ló hun gbogbo aṣọ tó ń tà. Ojú tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá tan án, àwọn GNOME ló ń ṣe é. GNOME náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ìyẹn bí oṣù kan ṣáájú Ubuntu. Kì í ṣe èèṣì. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kórè kí alágbàtà tó rí ohun kó wá sọ́jà. Bí àgbẹ̀ bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọjọ́ ọjà kò sì yẹ̀, ibo ni ẹ rò pé wọ́n á ti yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà? Inú ìgbà ìdánwò ni. Ẹni tó yẹ kó fi oṣù kan yẹ̀ ẹ́ wò á wá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéjáde, ọ̀rọ̀ ìdánwò náà la ń sọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ tirẹ̀ ṣeré, ìdánwò ẹlòmíràn ló ń jẹ.

Shuttleworth tilẹ̀ fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2008, ó ké sí àwọn Linux ńláńlá yòókù pé kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ àwọn máa bára mu. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn alákòóso Debian kéde pé oṣù kejìlá ni àwọn á máa ti ilẹ̀kùn, ní ọdún méjì-méjì. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi yarí, pé àkókò ti kúrú jù, pé wọn kò bá àwọn sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní láti yí i padà. Oṣù kẹjọ ọdún 2010 ni wọ́n tó wá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀dà 6.0 sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2011. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí, ṣé ẹ kò mọ ìtàn yìí? Alága á dá ọjọ́ àjọ̀dún láìbi àwọn tó ń se oúnjẹ, láìbi àwọn tó ń ti ìlú míì bọ̀, ó sì máa yà á lẹ́nu pé àga ṣófo. Ọjọ́ tí a kò jọ dá, a kì í jọ pa á mọ́.

Bí ọjọ́ ṣe dára tó, kì í ṣe òrìṣà tí à ń bọ. Ní 2006, ẹ̀dà Ubuntu tó yẹ kó jáde ní oṣù kẹrin, wọ́n sún un sí oṣù kẹfà, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ 6.06. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní LTS, wọ́n sì fẹ́ kí ó dúró dáadáa kí wọ́n tó fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún ayé pé àwọn ń sún un, wọ́n sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìlẹ́tọ̀ọ́ nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n jù ni ti ọdún 2024. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbi yìí.

Sọ́fítíwíà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní xz. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ẹ̀dá èèyàn kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó oṣù, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá, ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọdún méjì lọ, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Láàárín ìgbà náà, àwọn kan tí a kò mọ̀ rí ń yọ ẹni tó ni iṣẹ́ lẹ́nu pé ìgbéjáde rẹ̀ ti ń pẹ́ jù, pé kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Jia Tan gbé ẹ̀dà 5.6.0 jáde. Ní oṣù kẹta, ó gbé 5.6.1 jáde. Ó ti dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú méjèèjì, èyí tí olè fi lè wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn láti òkèèrè.

Ẹ wo àsìkò tó yàn: ìgbà tí Ubuntu 24.04 àti Fedora 40 fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń rọ àwọn tó ń ṣe Linux pé kí wọ́n tètè gba ẹ̀dà tuntun yẹn wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó sì ti wọ yàrá ìdánwò Debian àti ti Fedora.

Ta ló mú un? Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó rán èèyàn síta. Andres Freund ni, tó ń bá wọn ṣe PostgreSQL. Ó ń dán nǹkan mìíràn wò lórí unstable ti Debian, ó wá ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ibòmíràn ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá o! Kò sọ pé "ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì." Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, tó bọ́ sí Good Friday, ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ubuntu sún beta rẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 11, wọ́n da àwọn ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà náà nù, wọ́n tún wọn kọ́. Síbẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin tí wọ́n dá fún ojúlówó kò yẹ̀. Àwọn tó ń lo stable ti Debian, èkùrọ́ wọn kò tilẹ̀ mì, torí ohun búburú náà kò tíì kúrò ní yàrá ìdánwò.

Ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́ nínú rẹ̀. Èkíní, ìkánjú ni olè náà fi rọ kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń pariwo pé "ẹ gbé e jáde, ẹ gbé e jáde," ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, yàrá ìdánwò kì í ṣe ìdádúró lásán, òun ni ògiri tó wà láàárín wa àti olè. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan tó ń ṣàkíyèsí ju ẹgbẹ̀rún tó kàn ń lò lọ.

Wàyí o, kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, àwa ọmọ Yorùbá tó ń ta ọjà lókè Ọya? Ó kàn wá gan-an. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò ní olówó kan tó ń gba ẹgbẹ̀rún èèyàn síṣẹ́ láti dán gbogbo ẹ̀rọ àti gbogbo èdè ayé wò. Àwọn tó ń lò ó ni wọ́n gbójú lé. Fedora máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, ẹnikẹ́ni lè wá kọ èsì tó rí. Àwọn LibreOffice, tí wọ́n ń gbé ẹ̀dà ńlá jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, máa ń pe àwọn èèyàn jọ láti wá bá wọn ṣọdẹ àlébù kí ojúlówó tó jáde. Ohun tí àwọn tó bá wá bá ní lọ́wọ́ ni wọ́n máa dán wò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá dán wò, orí àwa ló máa já lé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ èdè wa yẹ̀ wò. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ígbò. Ó dára. Ṣùgbọ́n Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní ẹ, ó ní ọ, ó ní ṣ, ó ní á àti à, ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà odindi. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní odindi tiwọn. Ẹ̀yà méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, lẹ́tà pẹ̀lú àmì ohùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá yí fọ́ǹtì kan padà, àmì lè fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ará Jámánì tó ń dán ẹ̀dà náà wò ní Berlin kò ní rí i, torí kò ní ìdí kankan tó fi máa tẹ "ọ̀rọ̀" tàbí "ẹ̀kọ́". Kì í ṣe pé ó kórìíra wa. Ojú rẹ̀ kò débẹ̀ ni.

Àkójọ mìíràn tún wà tó ń jẹ́ CLDR, lábẹ́ Unicode kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mú orúkọ oṣù, orúkọ ọjọ́ àti orúkọ orílẹ̀-èdè ní èdè kọ̀ọ̀kan. Yorùbá wà níbẹ̀, ti Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òun náà ní àkókò. Wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn tó gbọ́ èdè mú ọ̀rọ̀ wá, kí wọ́n sì dìbò lórí èyí tó tọ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ó di ìgbà mìíràn. Bí a kò bá dìbò, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa pinnu bí fóònù gbogbo wa ṣe máa pe oṣù àti ọjọ́.

Tún wo ti iná. Ta ni ní ilẹ̀ òyìnbó tó máa dán an wò pé kí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì ti kú? Àwa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Tí a kò bá sọ ọ́, wọn kò lè mọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní dátà ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ubuntu 24.04 lé ní gígábáìtì márùn-ún láti wà jáde. Àmọ́ ẹnì kan lè wà á jáde lẹ́ẹ̀kan, kó fi sórí flash, ẹ̀rọ mẹ́wàá á lò ó. Bí a ṣe ń dá owó ra àgbò ọdún la lè dá owó dátà.

Àwọn mìíràn á ní, "Ṣé n ó wá máa bá àwọn olówó òyìnbó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń rí owó lára sọ́fítíwíà yìí. Ṣùgbọ́n àwa náà ń lò ó láìsan kọ́bọ̀, àwọn kan nínú wa sì ń jẹun lórí rẹ̀, èmi náà wà nínú wọn. Ẹni tó ń pọn omi nínú kànga àdúgbò, tó wá sọ pé òun kò ní bá wọn gbá ewé kúrò nínú rẹ̀, òun náà ló máa mu ewé. Kò sì sí ẹni tó ní kí a fi gbogbo ọdún ṣe é.

Àwọn kan á ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kí iṣẹ́ wọn má bàjẹ́. Ẹ̀rù yẹn dára. Ẹ má ṣe fi beta sórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù láé. Ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ni ká lò, tàbí ká tan án láti orí flash láìfi sínú ẹ̀rọ rárá.

Àwọn tó kù á ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò dán mọ́rán. Ìròyìn àlébù kò nílò Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà. Ohun mẹ́rin ló ń fẹ́: irú ẹ̀rọ wo ni, kí lo ṣe, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ ìwé ẹ̀rí ọjà lè kọ ọ́. "Kò ṣiṣẹ́" lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí ẹni tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní "ara mi kò yá" tó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Sátidé méjì sọ́tọ̀ lọ́dún, ọ̀kan ní ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ọ̀kan ní ìparí oṣù kẹsàn-án, torí àkókò yẹn ni beta Ubuntu sábà máa ń wà níta. Kí á kó ẹ̀rọ márùn-ún jọ, oríṣiríṣi, kó má jẹ́ irú kan náà. Kí àwọn ọmọ wa dán Wi-Fi wò, kí wọ́n dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, ohùn, kámẹ́rà, kí wọ́n pa á dé kí wọ́n tún ṣí i, kí wọ́n já iná rẹ̀ lójijì. Kí wọ́n kọ ojú ìwé Yorùbá kan pẹ̀lú àmì ohùn pípé nínú LibreOffice àti nínú Firefox, kí wọ́n pa lẹ́tà rẹ́ kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n sọ ọ́ di PDF, kí wọ́n wò ó bóyá àmì ṣì wà níbi tó yẹ. Kí ẹnì kan kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é, kó sì máa dáhùn tí wọ́n bá béèrè nǹkan padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí ìròyìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti sá lọ, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pa á tì.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí sọ́fítíwíà nìkan. Ọmọ tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta á ti mọ bí iṣẹ́ ńlá ṣe ń rìn láàárín àwọn tí kò rí ara wọn rí: pé ọjọ́ ní láti wà, pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì, pé ẹni tó rí àlébù gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lásìkò. Orúkọ rẹ̀ á wà lábẹ́ ìròyìn tó kọ, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ lè kà á. Ìyẹn dára ju kó jókòó máa wo fídíò lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà yìí ti dá ọjọ́ ọjà, wọ́n ti kọ ọ́ sójú táyé, wọ́n sì ń pè wá. Bí a kò bá lọ, ọjà á ná, á tú, èyí tí wọ́n bá sì rí tà ni a máa gbé wálé.

Ẹ sọ èrò yín sísàlẹ̀ o, yálà ẹ gbà tàbí ẹ kò gbà. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù tí kò lò tó lè yọ̀ǹda, kó sọ ìlú tó wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, ẹ jáde síta, ẹ má jẹ́ kí àgbà nìkan máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ire o.